Rélùwéè Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́: Kí Gan-an Là Ń Béèrè, Ta Ló sì Yẹ Ká Bi?

Bí ọ̀rọ̀ rélùwéè bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ohùn wa máa ń ṣọ̀kan: kí ìjọba dá a padà. Ẹ jẹ́ ká tú ohùn yẹn wò. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé Àjàṣẹ́, tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu láràárọ̀, ọkọ̀ tó máa gbé e débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù ló ń wá. Àgbàlagbà Ṣábẹ̀ẹ́ tó rántí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń ti Kútọnu bọ̀ tó ń kọjá lọ sí Pàràkú, ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ni tirẹ̀, èyí tó lè gbé èèyàn, kó gbé iṣu, kó gbé gààrí. Ará Kétu ńkọ́? Rélùwéè kò dé ìlú rẹ̀ rí. Kò sí ohun tí wọ́n máa dá padà fún un, kíkọ́ ló ń fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ yàtọ̀, ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ yàtọ̀, ọdún tó máa gbà náà yàtọ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bá sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú gbólóhùn kan, gbólóhùn kan náà ni àwọn aláṣẹ máa fi dá a lóhùn: "A ti gbọ́." Ìdí tí mo fi ń kọ àlàyé yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ jà fún ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí kò sí ẹnìkan nínú ilé là ń kàn.

Ohun kan ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Irin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀, ọkọ̀ sì yàtọ̀ sí ètò tó ń mú kí ọkọ̀ gbéra lágogo tó yẹ lójoojúmọ́. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ ọjà kò ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó ni ẹrù orí àtẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ni irin kò ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ èrò. Ọjà lè wà kí àtẹ ṣófo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn: irin ṣì wà nílẹ̀ níbi púpọ̀, ètò ọkọ̀ èrò ló kú.

Ibi tí irin náà ti wá

Láti Kútọnu ni irin tó gùn jù ti gbéra. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1900, ó gba Pahou, Àláádà àti Bòhíkọ́n lọ sókè, ó sì ti dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti sinmi fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ó di 1936 kó tó dé Pàràkú. Gígùn rẹ̀ látòkèdélẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438. Ẹ̀ka kékeré kan yà ní Pahou lọ sí ìhà Ouidah, kò gùn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni tiwa níhà ìlà oòrùn: láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sakété títí dé Pọ́bẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, àmọ́ fún ìgbà pípẹ́ ó dá wà ni. Ẹrù tó bá ti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e gba orí ọ̀sà dé Kútọnu. Nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n tó fi irin so Àjàṣẹ́ mọ́ Kútọnu. Tí a bá kà á láti Kútọnu dé Pọ́bẹ̀, kìlómítà 107 ni.

Ará Kétu máa ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ Pọ́bẹ̀ ló dúró sí. Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó bá Alákétu jà. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun, Pọ́bẹ̀ sì wà láàárín igbó ọ̀pẹ débi pé ibẹ̀ ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní 1922, ibùdó náà sì wà níbẹ̀ di òní. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Pàràkú: nígbà tó di 1953, ẹ̀pà Nìjẹ̀r bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ wá sí Kútọnu. Ọkọ̀ akẹ́rù máa gbé e dé Pàràkú, rélùwéè á gbà á níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, yúráníọ̀mù tí wọ́n ń wà ní Arlit, nílẹ̀ Nìjẹ̀r, gba ọ̀nà yìí kan náà.

Ẹrù ni wọ́n kọ́ ọ fún. Èrò inú ọkọ̀, lẹ́yìn ẹrù ló ń bọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí kò ní mọ ìdí tí ọkọ̀ èrò fi kọ́kọ́ kú nígbà tí nǹkan le.

Bí ó ṣe kú

Kò kú lójijì, rírù ló ń rù títí. Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí títì Kútọnu sí àríwá dé ààlà, ẹni tó ní ẹrù Nìjẹ̀r bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá gba rélùwéè, ó gbọ́dọ̀ já ẹrù náà ní Pàràkú, kó sì tún un dì sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Bó bá gba títì, ìdì kan ni láti èbúté dé ilé. Iye tí alábàárù ń gbà ní Pàràkú, olè, ìdádúró, ìwé àṣẹ, gbogbo rẹ̀ fò dànù. Kò pẹ́ tí rélùwéè fi rí i pé ẹrù ń sá lọ́wọ́ òun.

Ní oṣù kìíní 1994 ni wọ́n wá gé iye fràǹkì Sẹfà sí ìdajì. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń rà ní mílíọ̀nù kan láti òkè òkun di mílíọ̀nù méjì láàárín alẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó rẹ̀ ní Sẹfà tó sì ń ra gbogbo ohun èlò rẹ̀ lókè òkun, ẹ mọ̀ pé kò lè dìde nílẹ̀. Owó tó ń wọlé lórí ẹrù ló máa ń bo àdánù orí èrò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹrù dín, aṣọ ìbora kò tó mọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé àwọn awakọ̀ takisí ló pa rélùwéè. Ọ̀rọ̀ ibi ìdúró ọkọ̀ nìyẹn. Takisí gba èrò tó ṣẹ́ kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin tó ń dé nígbà tó bá wù ú, èrò wo ló máa dúró dè é? Ẹni tó ní ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, tàbí tòmátò tó ń rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, kò lè dúró.

Ta ló ni ín?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú jù lọ, ẹ fara balẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ OCBN (Organisation Commune Bénin-Niger) ló darí rélùwéè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r ló jọ dá a sílẹ̀ ní 1959, ìgbà tí Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dahomey. Nìjẹ̀r wá ní ìpín nínú rélùwéè tí mítà rẹ̀ kan ṣoṣo kò sí lórí ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Èyí ló fa á tí kò fi sí ìpinnu ńlá kan tí Bẹ̀nẹ̀ lè dá nìkan ṣe nípa ilé iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò ńlá dé. Ní 2010, ilé iṣẹ́ Petrolin, ti Samuel Dossou-Aworet ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ló borí nínú ìdíje láti tún irin náà ṣe. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba tún yí padà sọ́dọ̀ Bolloré ti Faransé, ẹni tó ní èrò láti fi irin yí Kútọnu, Niamey, Ouagadougou àti Abidjan po. Bolloré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Niamey ní 2014, ó tẹ́ irin dé Dosso, nǹkan bí kìlómítà 140, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè méjèèjì ní 2015 lábẹ́ orúkọ Bénirail. Petrolin gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Kútọnu ní kí Bolloré dáwọ́ dúró ní ọdún yẹn kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù kẹsàn-án 2017. Irin Niamey sí Dosso wà níbẹ̀, koríko ń hù láàárín rẹ̀.

Ní oṣù kẹta 2018, Ààrẹ Patrice Talon sọ fún ìwé ìròyìn ilẹ̀ Faransé kan pé kí àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, pé Ṣáínà ló ní agbára owó tó tó o, ó sì dárúkọ bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìlú pé "Ṣáínà ti sanwó rélùwéè." Kí ààrẹ sọ̀rọ̀ fún oníròyìn, kì í ṣe àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ láti Nìjẹ̀r dé Sẹ̀mẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, òpó epo rọ̀bì ni. Bolloré fúnra rẹ̀ ta okòwò èbúté àti ìrìnnà rẹ̀ ní Áfíríkà fún MSC, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ńlá kan, ní òpin 2022. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ lónìí pé "Bolloré ló di ọ̀nà mọ́ wa," ìròyìn àtijọ́ ló ń kà.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú gbogbo ìtàn ẹjọ́ yẹn: kò sí ibì kankan tí èrò Àjàṣẹ́ sí Kútọnu ti wọ ọ̀rọ̀. Ẹrù Nìjẹ̀r ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹrù Nìjẹ̀r yẹn gan-an, láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba níbẹ̀ ní oṣù keje 2023, ààlà ti di ọ̀ràn ńlá. ECOWAS mú ìjẹníyà rẹ̀ kúrò ní oṣù kejì 2024, Nìjẹ̀r sì kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí a bá ń so ọkọ̀ òṣìṣẹ́ Àjàṣẹ́ mọ́ ẹrù tó ń lọ sí Niamey, a fi ọ̀rọ̀ ara wa sí ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ wá. Ní tèmi o, ó yẹ ká já okùn yẹn: ọ̀nà ìlà oòrùn kò débi tó jìnnà, kò kọjá ààlà kankan, a lè béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣé ti Nàìjíríà kò lè wọlé wá bá wa?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa, nítorí ìbátan wa wà lọ́hùn-ún. Ó dára, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Àárín irin méjèèjì ní Bẹ̀nẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan géérégé, ìyẹn mìlìmítà 1,000. Irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ sí Nàìjíríà fẹ̀ ní 1,067. Èyí tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, fẹ̀ ní 1,435. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Nígbà kan rí, irin Gẹ̀ẹ́sì yà ní Ìfọ̀, ó gba Ìlaròó dé Ìdógò, kò jìnnà sí Sakété àti Pọ́bẹ̀ tiwa. Irin méjì ń bọ̀ wá pàdé ara wọn nílẹ̀ Yorùbá kan náà, mìlìmítà 67 ló là wọ́n, kò tó ìbú ọwọ́ mi. Ìjọba méjì ló ń tẹ́ irin, ẹnìkan kò sì bi ara Sakété tàbí ara Ìlaròó.

Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án 2023, kìlómítà 13 ni, ó sì ń kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìlú Èkó ni, ẹni tó bá ń retí kó wọ Sẹ̀mẹ̀ wá gbé òun, kó má tíì ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìṣirò òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé

Ní báyìí, ohun tí òṣìṣẹ́ Àjàṣẹ́ ń fẹ́. Àwọn kan rò pé tí wọ́n bá sán koríko kúrò lórí irin, tí wọ́n gbé ọkọ̀ lé e, ó parí. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó.

Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 30. Ká ní ọkọ̀ ń rin kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tí a bá ti ka ibi tó ń dúró sí mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 45 ló máa fi débẹ̀. Ká fún un ní ìṣẹ́jú 10 kí èrò sọ̀ kí wọ́n sì yí ẹ́ńjìnnì sí ìdí kejì, ìṣẹ́jú 45 ló máa fi padà, 10 mìíràn ní Àjàṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 110. Bó bá gbéra ní aago márùn-ún ààbọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e máa gbéra ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀kẹta sì di aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlọ méjì péré ló wúlò fún òṣìṣẹ́, èkejì gan-an máa dé Kútọnu nígbà tí aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ní yàrá èrò márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba èèyàn 80, èèyàn 800 ló gbé láàárọ̀. Èèyàn 800 dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ títì Àjàṣẹ́ sí Kútọnu lówùúrọ̀ mọ̀ pé bí ẹni bu omi nínú ọ̀sà ni.

Kí ni yóò mú un pọ̀? Ọ̀pọ̀ á sọ pé kí ọkọ̀ máa sáré. Eré kọ́. Irin ẹyọ kan ni, ọkọ̀ méjì tó kọjú síra kò lè ṣẹ́ fún ara wọn àfi níbi tí irin bá ti yà sí méjì. Bí wọ́n bá ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀ kan láàárín méjì, ní agbègbè Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ kejì kún un, ọ̀kan á máa gbéra ní Àjàṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 55 sí ara wọn: aago márùn-ún ààbọ̀, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 25, aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n á máa pàdé ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ fún ara wọn, wọ́n á máa lọ. Èèyàn 1,200 nìyẹn kí aago mẹ́jọ tó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí takisí kan bá ń gbé èèyàn márùn-ún, takisí 240 ló kúrò lójú títì.

Ẹ rí i pé ibi ìyàsọ́nà kan, àmì ìdúró àti ọkọ̀ kejì ṣe ju kí wọ́n lọ ra ọkọ̀ tó ń sáré bí ìjì. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bá béèrè fún "ọkọ̀ ìgbàlódé" kò béèrè nǹkan kan. Èyí tó bá béèrè ìlọ mẹ́ta kí aago mẹ́jọ tó lù, àti ìbọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìyẹn ni ẹlẹ́rọ lè jókòó fún kó sì ṣírò iye rẹ̀. Ibùdó Kútọnu wà láàárín ìlú, lẹ́bàá èbúté, nítòsí Ganhi, àǹfààní ńlá nìyẹn. Zẹ́mì kékeré kan, ìyẹn ọ̀kadà, ló kù láti ibẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́.

Ti Ṣábẹ̀ẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́ lé ní kìlómítà 250. Ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́fà ó lé ni. Bọ́ọ̀sì á ti débẹ̀ tipẹ́. Bí a bá wá ń fi eré polówó rẹ̀ fún ìjọba, a ti pàdánù ẹjọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ lè fi borí ni ẹrù àwọn ìyálọ́jà, owó pọ́ọ́kú, àti pé èèyàn kò ní sá fún ọkọ̀ akẹ́rù lóru. Ìlọ kan ìbọ̀ kan lójúmọ́ tó fún un. Ó tún ní ọ̀nà kúkúrú tí a kì í sábà dárúkọ: Ṣábẹ̀ẹ́ sí Glazoué fún ọjà, Ṣábẹ̀ẹ́ gba Kìlìbò àti Tchaourou lọ sí Pàràkú. Irin ti gba gbogbo ibẹ̀ kọjá.

Kétu ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: irin tuntun láti Pọ́bẹ̀ dé ibẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti owó rẹpẹtẹ. Ohun tó ṣeé béèrè kíákíá ni pé bí ọkọ̀ bá padà dé Pọ́bẹ̀, kí bọ́ọ̀sì Kétu máa bá a mu lágogo, kí èèyàn sì san owó kan ṣoṣo fún méjèèjì.

Ta ló máa san ìyókù?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjàǹgbara fún rélùwéè ti máa ń fọ́ nìyí, nítorí a kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Owó ọkọ̀ tí èrò ń san kì í sábà tó ná ọkọ̀ òwúrọ̀. Ká ní, fún àpẹẹrẹ, ìlọ kan ń jẹ 200,000 fràǹkì, kí èèyàn 400 san 300 fràǹkì kọ̀ọ̀kan: 120,000 wọlé, 80,000 kò sí níbẹ̀. Bí a bá sọ owó ọkọ̀ di 500 kí ó lè pé, àwọn tí a tìtorí wọn ṣe é á padà sínú takisí, ọkọ̀ á máa lọ ní òfìfo, àdánù á tún pọ̀ sí i.

Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ti kojú èyí. Ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń jẹ́ TER bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Dakar dé Diamniadio ní oṣù Kejìlá 2021, kìlómítà 36, èrò ìpele kejì sì ń san láàárín 500 àti 1,500 fràǹkì nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bí ibi tó ń lọ bá ṣe jìnnà tó. Owó yẹn nìkan kọ́ ló ń gbé ọkọ̀. Ìjọba bá ilé iṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ náà ṣe àdéhùn pé: ẹ ó máa rìn ní àwọn aago báyìí báyìí, ẹ ó gba iye báyìí lọ́wọ́ èrò, àwa á san ìyókù. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni a kò ní. Kì í ṣe irin ló kọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ wa, ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé pé òun á san ìyókù ni.

Bí ẹnìkan bá wá ní "ìjọba kò lè máa náwó sórí ọkọ̀ tó ń pàdánù," ẹ bi í pé èló ni títì Àjàṣẹ́ sí Kútọnu ń mú wọlé. Ìjọba ló ń da ọ̀dà sí i, ìjọba ló ń dí ihò rẹ̀, kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní àdánù.

Ilẹ̀, kí ilé tó gba gbogbo rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń kán mi lójú jù, nítorí owó lè dé lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá ti lọ, ó di ẹjọ́. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 2013 ka ọ̀nà rélùwéè mọ́ ilẹ̀ gbogbogbòò. Ẹnikẹ́ni kò lè tà á, kò sì sí iye ọdún tí èèyàn máa fi jókòó lórí rẹ̀ tó máa sọ ọ́ di tirẹ̀. Síbẹ̀, àtẹ ń sún mọ́ irin, ṣọ́ọ̀bù ń rọ́pò àtẹ, ìpìlẹ̀ ilé ń tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù. Ẹjọ́ láàárín Petrolin àti Bolloré kò dá ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀.

Méérì kò lè wa ọkọ̀ ojú irin, ẹ má gbé ìwé pé "ẹ dá rélùwéè padà" lọ bá a. Ṣùgbọ́n òun ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. A lè ní kó má fọwọ́ sí ilé kankan lórí ilẹ̀ irin, kó sì fi òpó ààlà hàn láti Àjàṣẹ́ dé Sakété. ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, la lè bi pé ibo gan-an ni ààlà náà wà lórí máàpù. Àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá irin náà sì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń jà fún rélùwéè láìsọ ibi tí wọ́n máa kó àwọn yẹn lọ, àwọn ni yóò kọ́kọ́ dìde lòdì sí i, wọn kò sì jẹ̀bi.

Owó ńkọ́? Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló máa dìbò lé e, Àjàṣẹ́ nílé wa níbí ni ilé ìgbìmọ̀ náà wà. Aṣòfin 109 ni wọ́n láti 2023. Oṣù kẹwàá ni ìjọba máa ń gbé ìwé ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á sì dìbò kí ọdún tó parí. Oṣù kẹsàn-án ló yẹ kí lẹ́tà yín ti wà lọ́wọ́ aṣòfin agbègbè yín, kí ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà. Ẹ má kọ ọ́ gùn. Ẹ béèrè owó ìwádìí fún irin Kútọnu dé Pọ́bẹ̀ nìkan, lọ́tọ̀ sí ti Nìjẹ̀r: ipò tí irin àti afárá wà, iye tí ibi ìyàsọ́nà kan ní Sẹ̀mẹ̀ máa jẹ, iye ọkọ̀ tó máa gba ìlọ mẹ́ta láàárọ̀, àti iye tí ìjọba máa san lé owó èrò lọ́dún. Ẹ ní kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde fún ará ìlú, kí ẹ sì kọ déètì tí ẹ ń retí rẹ̀ sínú lẹ́tà náà.